Wọ́n Fa Okùn Ṣúgà Lé Mi Lọ́wọ́

Nígbà tí àwọn ará Ìbàdàn bá ní àwọn fẹ́ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ojú sánmà ni wọ́n máa ń wò. Ilẹ̀ òkèèrè tèmi, Bódìjà ni. Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi Yorùbá súre fún ọmọ nílé, tí wọ́n sì ń fi Faransé nà án nílé ìwé. Ọdún kẹfà mi rèé n'Ìbàdàn. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò lè ṣe àjèjì láàárín Yorùbá, kó wá bi mí.

Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé, mo rí ọkùnrin méjì tí wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn lójú títì, tí wọ́n ń na ọwọ́ síra wọn lójú. Mo sọ ẹrù mi sílẹ̀, mo sáré lọ là wọ́n. Àwọn méjèèjì dákẹ́, wọ́n yíjú sí mi.

"Kí ló dé? Ta ló sọ fún ẹ pé à ń jà?"

Àṣé wọ́n ń kíra wọn ni. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti rí ara wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìlú tí mo wá kì í ṣe ìlú tí èèyàn ń sáré dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mo bá wá. Màmá Tíṣà ló gbà mí sílé. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọkọ wọn tó ń kọ́ni ní yunifásítì ti kú, àwọn ọmọ wọn sì ti kó lọ sí ìlú òyìnbó. Wọ́n fún mi ní yàrá kan lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì jẹ́ kí n ta àtíbàbà síwájú ilé, níbi tí mo ti ń fọṣọ tí mo sì ń lọ̀ ọ́.

Kútọnu ni orúkọ tí àdúgbò sọ mí. Mo ṣàlàyé títí pé Kétu kì í ṣe Kútọnu, pé èmi fúnra mi kò dé Kútọnu ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé mi. Wọ́n á ní, "Ó dáa, Kútọnu, a ti gbọ́."

Ẹni tó ń pe orúkọ náà kíkan jù ni Alhaja, ọmọ Ṣakí tó ni ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì wa. Wọ́n ń ta mílíìkì àti ọṣẹ, wọ́n sì ń fi ìmọ̀ràn ṣe ènì fún gbogbo oníbàárà. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún Màmá pé, "Ẹ ṣọ́ra o. Ẹni tí bọ́dà ò jìnnà sílé ẹ̀, tó bá gbé nǹkan báyìí, ó di Kútọnu nìyẹn, ó parí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, áyọ́ọ̀nù eléèédú mi nìkan ni mo rí bá sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, tí Màmá bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí àdúgbò sì pa rọ́rọ́, àárò ilé a máa sọ mí. Mi ò ní purọ́, mo máa ń sunkún sórí aṣọ àwọn oníbàárà. Ó wúlò náà, nítorí aṣọ tó bá tutù díẹ̀ ló ń rọrùn láti lọ̀.

Ìyá mi ló máa ń pè mí láti Kétu, ewúrẹ́ ni wọ́n sì máa fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ewúrẹ́ náà ṣe kókó, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọjọ́ tí mò ń kúrò nílé, mo fa okùn abo ewúrẹ́ mi kan ṣoṣo lé ìyá mi lọ́wọ́ níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Àsìnpín nìyẹn. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá fa okùn abo ẹran lé ọ lọ́wọ́ níwájú ẹlẹ́rìí ti ní kí o máa sìn ín nìyẹn. Bó bá bímọ, ẹ ó pín in sí méjì, ẹni tó ni ẹran ni yóò kọ́kọ́ yan tirẹ̀, ìyá ẹran kò sì kúrò ní tirẹ̀ láé. Bó bá wá pẹ́ lọ́wọ́ rẹ tí kò bí nǹkan kan, ìtìjú rẹ ni. Wọ́n á ní ọwọ́ rẹ kò mọ ẹran sìn, wọn kò sì ní fún ọ ní òmíràn.

Màmá Tíṣà kò ní ewúrẹ́. Ṣúgà ni wọ́n ní.

Ajá ni Ṣúgà, bí ẹ bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá ni wọ́n rà á ní kékeré. Ajá tí mo mọ̀ ní Kétu ń bá ọdẹ ròko. Èyí lè wọ inú bákẹ́ẹ̀tì kí ó sì yí padà níbẹ̀. Irun bò ó lójú, ó funfun bí òwú, ààrá kò sì gbọdọ̀ sán. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, ó gba inú ẹrẹ̀ wá, ó fò sórí àga tí mo tẹ́ kóòtù funfun dókítà kan sí, ó ká jọ, ó sùn. Mo tún kóòtù náà fọ̀. Ó tún sùn sí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀kẹta, mo tẹ́ àpò ìrẹsì fún un lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń lọṣọ, ibẹ̀ sì di ọ́fíìsì rẹ̀.

Mo sọ nípa rẹ̀ fún ìyá mi lórí fóònù.

"Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?" wọ́n bi mí.

"Kò níṣẹ́, Ìyá."

"Ṣé ó ń gbó olè?"

"Ìgbálẹ̀ ló ń gbó."

"Ṣé ó ń pa eku?"

"Ó ń sá fún eku."

"Wọ́n sì ń fún un lóúnjẹ?"

"Oúnjẹ inú àpò ni, Ìyá. Láti ìlú òyìnbó ni."

"Ewúrẹ́ rẹ ti lóyún," wọ́n ní, "ewé lásán ló sì ń jẹ."

Ọdún tó kọjá ni ọmọbìnrin Màmá bímọ ní ìlú òyìnbó, Màmá sì fẹ́ lọ bá a tọ́jú ọmọ fún oṣù mẹ́ta. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, takisí ti dúró, Alhaja ti jáde wá kí wọn pé ó dàbọ̀. Màmá dúró síwájú àtíbàbà mi. Wọ́n di okùn pupa tí wọ́n fi ń mú Ṣúgà rìn lọ́wọ́. Wọ́n wò mí, wọ́n wá fa okùn náà lé mi lọ́wọ́.

"Tọ́jú ẹ̀ fún mi," wọ́n ní. "Ìwọ ni mo fi í sílẹ̀ fún."

Alhaja dúró síbẹ̀, ojú wọn là sílẹ̀ kedere. Ẹlẹ́rìí nìyẹn.

Orí mi wú. Nínú gbogbo èèyàn tó wà ní Bódìjà, èmi tí wọ́n ń pè ní Kútọnu ni wọ́n fún ní ọ̀sìn! Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí omi ọṣẹ. Màmá rò pé ìrìn àjò wọn ni mò ń dárò, wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ mí léjìká, wọ́n lọ.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń jí kí ojú tó mọ́ dáadáa láti mú ajá rìn. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń rọ́ láti Agbowó lọ sí kíláàsì, wọ́n á rí ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan pẹ̀lú okùn pupa, ohun tó kéré bí ìbọ̀sẹ̀ sì ń fà á lọ níwájú. Mò ń fi kóòmù ya irun rẹ̀. Mò ń já eégbọn kúrò ní etí rẹ̀. Mo gbé e lọ fún abẹ́rẹ́ kí dìgbòlugi má baà mú un. Dókítà ẹran ní kí n di orí rẹ̀ mú, mo dì í mú, mo dijú. Ṣúgà kò ké. Èmi ni mo ké.

Nígbà tí oúnjẹ inú àpò tán, mo fún un ní èbà àti orí ẹja. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú, ó yí ẹ̀yìn sí abọ́ náà fún ọjọ́ kan gbáko. Ní ọjọ́ kejì ó jẹ ẹ́ tán, ó sì lá abọ́ náà.

Nǹkan kan tún wà tí mo ṣe láìmọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni Màmá máa ń bá a sọ. Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò délé, Yorùbá tí mo bá sì sọ síta, ẹnìkan á ti máa fi ohùn mi rẹ́rìn-ín. Faransé ni mo wá ń bá Ṣúgà sọ. Bí mo bá ní "así", á jókòó. Bí mo bá ní "fiẹ́ǹ", á sáré wá bá mi. Òun nìkan ni kò bi mí rí nípa ibi tí mo ti wá.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mò ń kọjá lọ́jọ́ kan nígbà tí obìnrin kan tó máa ń kó aṣọ wá fún mi kígbe láti òdìkejì títì pé, "Bàbá Ṣúgà! Aṣọ mi ńkọ́?" Mo wẹ̀yìn láti wo ẹni tí wọ́n ń pè. Èmi ni. Kí oṣù náà tó parí, gbogbo àdúgbò ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn tí kò kí mi rí ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kí Ṣúgà, wọ́n á wá fi èyí tó bá ṣẹ́kù kí mi. Mo gbà á. Ẹni tó bá ti ń jẹ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ ní àdúgbò kan ti ní ibi tí wọ́n ń wá a sí. Alhaja nìkan ni kò yí ohùn padà.

Màmá ń pè ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ láti gbọ́ ohùn Ṣúgà. Mo máa ń gbé fóònù sí i létí. Á gbọ́ ohùn Màmá, á fi ahọ́n lá ojú fóònù, ìpè á sì já. Oṣù mẹ́ta di mẹ́fà, mẹ́fà di mẹ́jọ. Ní oṣù kẹjọ yẹn, mo rí i pé àwọn akọ ajá ti ń tò síwájú géètì wa bí ẹni tó wá dìbò. Ṣúgà ti dàgbà.

Ojúṣe mi dé nìyẹn. Ṣé kí Màmá wá dé kí n dá ajá padà fún wọn lọ́wọ́ òfìfo? Mo ti géètì pa, mo lé àwọn aláìníláárí wọ̀nyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ gidi. Mo rí ọ̀kan ní Mọ́kọ́lá, ajá oníbàárà mi kan tó jẹ́ mẹkáníìkì. Ọ̀gá ni orúkọ ajá náà. Ó kéré bí ó ṣe yẹ, àwọ̀ ẹ̀pà ló ní, etí rẹ̀ kan kò pé, ṣùgbọ́n ó níwà. Mo ṣe ìwádìí bí a ti ń ṣe é. Mo bi mẹkáníìkì bóyá wàràpá kò sí nídìílé wọn. Mo bi í bóyá ó máa ń jalè nínú ìkòkò. Ó búra pé Ọ̀gá kò jalè rí. Mo fi kẹ̀kẹ́ gbé ọkọ ìyàwó wá sí Bódìjà.

Alhaja yọjú láti ṣọ́ọ̀bù. "Etí ọkọ ò pé," wọ́n ní.

"Alhaja, ìwà ni ká wò."

"Mo ti sọ tèmi."

Ó lé ní oṣù méjì kí Ṣúgà tó bí. Ọ̀sán gangan ni, aṣọ pọ̀ níwájú mi. Alhaja kì í fẹ́ kí imú ajá kan aṣọ wọn nítorí ìrun tí wọ́n ń kí, nítorí náà wọ́n dúró sókèèrè, wọ́n ń pàṣẹ: "Má fọwọ́ kàn án! Fún un lómi! Kúrò níbẹ̀, ṣé ìwọ ló ń rọbí ni?" Mẹ́rin ni. Àwọ̀ ẹ̀pà ni gbogbo wọn, àfi ìka ẹsẹ̀ ọ̀kan tó funfun. Ayọ̀ kún inú mi débi pé mi ò lè dúró de ọjọ́ tí Màmá máa ń pè, èmi ni mo pè wọ́n.

"Màmá, ẹ kú oríire! A bí mẹ́rin, tibi-tire!"

"Ta ló bímọ?"

"Ṣúgà ni! Méjì tiyín, méjì tèmi. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ yan."

Mo gbọ́ ọmọ ọmọ wọn tó ń sunkún lẹ́yìn wọn. "Àwọ̀ wo ni wọ́n?"

"Bí ẹ̀pà, Màmá. Wọ́n dára gan-an."

Wọ́n figbe ta. "Ìwọ ọmọ yìí! Ajá tó níwèé ni Ṣúgà! Ọkọ rẹ̀ wà l'Ápáta, funfun báláú, a ti fẹnu kò! Mo ti ṣèlérí ọmọ rẹ̀ fún ìyàwó pásítọ̀! Ta ló ní kí o wá ọkọ fún un?"

Mo wo àwọn ọmọ mẹ́rin náà níbi tí wọ́n ti ń mu ọmú.

"Mò ń bọ̀ wálé," wọ́n ní. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe Ṣúgà ló já ìpè náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, wọn ò pè. Alhaja ní kí n máa di ẹrù mi, wọ́n tilẹ̀ fún mi ní páálí mílíìkì méjì láti kó o sí. Mo di ẹrù náà lóòótọ́. Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù kì í ṣe yàrá. Ẹnìkan ṣoṣo ló gbẹ́kẹ̀ lé mi nílùú yìí, mo sì ti bà á jẹ́ níbi tí mo ti ń gbìyànjú láti ṣe é dáadáa. Mo pe ìyá mi, mo ní mò ń bọ̀ ní Kétu kí Màmá tó dé.

"Ta lo fẹ́ fa okùn ajá náà lé lọ́wọ́?" wọ́n bi mí.

Mo wo okùn pupa náà.

"Èèyàn kì í fi ọ̀sìn sílẹ̀ lójú títì. Bí ó bá máa jẹ́ èébú, dúró gbà á lójú ara rẹ, kí o tó máa bọ̀."

Mo dúró.

Ọjọ́ Sátidé ni Màmá dé. Mo ti wẹ Ṣúgà, mo ti gbá ilé. Alhaja jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn, wọn ò tilẹ̀ dá oníbàárà lóhùn. Màmá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì.

"Ṣúgà! Come! Come to Mummy!"

Ṣúgà mi ìrù bí ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́, kò sì kúrò lójú kan.

"Ṣúgà, come now!"

Ojú tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí pé "Fiẹ́ǹ", mo sì na ìka sí Màmá. Ó fò mọ́ èmi láyà.

"Kí lo sọ fún un?" Màmá bi mí.

"Faransé ni, Màmá. Òun ló gbọ́ báyìí."

Alhaja fò dìde. "Ṣé mi ò sọ fún yín? Mo ní á gbé e lọ sí Kútọnu! Ó ti gbé e lọ láìkúrò ní Bódìjà!"

Mo wọlé lọ gbé àwọn ọmọ ajá náà. Mo tẹ́ aṣọ funfun kan sórí tábìlì tí mo fi ń lọṣọ, mo tò wọ́n sí i, mo dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, ẹ bínú bó ṣe wù yín, ẹrù mi ti wà nínú páálí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yan ìpín yín. Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ súnmọ́ ibí, ojú yín ni wọ́n ṣe fa okùn lé mi lọ́wọ́."

"Ìpín kí ni?" Màmá ní.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn láti orí ilẹ̀ tí mo wà: okùn, ẹlẹ́rìí, abo ẹran, ọmọ tí a ń pín sí méjì. Màmá wá àga, wọ́n jókòó.

"Àsìnpín?" wọ́n ní. "Pẹ̀lú ajá?" Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, omi náà kò sì dá nígbà tí ẹ̀rín tán.

"Oṣù mẹ́wàá ni mo lò lọ́hùn-ún," wọ́n ní. "Tí mo bá jáde, ajá ara wọn ni àwọn òyìnbó ń kí. Wọ́n á bi ajá bó ṣe sùn, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Nígbà tó yá mo sọ fún ọmọ mi pé kó bá mi yá ajá ẹnìkan mú rìn, bóyá ẹnìkan á kí mi. Kò tíì sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ àsìnpín láti ìgbà tí bàbá mi ti kú." Wọ́n nu ojú. "Inú ṣì ń bí mi sí ẹ o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Alhaja, ẹ wá bá mi dá sí i. Ní Ṣakí, irú èèyàn wo ni wọ́n ń fún lẹ́ran sìn?"

"Ará ilé ni," Alhaja dáhùn wàrà. "Ta ló máa fún àlejò lẹ́ran sìn, kó gbé e sá lọ..." Wọ́n wò mí, wọ́n wo Màmá, wọ́n wo páálí mílíìkì méjèèjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Bàbá Ṣúgà, dìde nílẹ̀, aṣọ ẹ ń dọ̀tí." Wọ́n gbé ojú kúrò lára mi. "Ẹlẹ́rìí ńkọ́? Ṣé ẹlẹ́rìí ò ní ìpín ni? Ìta ni yóò máa gbé o, kó máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Èyí tí ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ funfun yẹn ni mo fẹ́."

Màmá yan méjì. Wọ́n ní ajá ni ìyàwó pásítọ̀ tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò dárúkọ àwọ̀. Èyí tí Alhaja fẹ́ bọ́ sínú ìpín tèmi, mo fún wọn. Lẹ́yìn náà ni Màmá gba okùn pupa lọ́wọ́ mi. Ọkàn mi já, ṣùgbọ́n tiwọn ni. Wọ́n mú Ṣúgà rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n padà wá, wọ́n fa okùn náà lé mi lọ́wọ́ níwájú Alhaja.

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí láàárọ̀. Ìwọ ni wàá ṣì máa mú un rìn. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni n ó yan ọkọ."

Mo kó ẹrù mi jáde nínú páálí, mo sì pe Kétu. Mo rò gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi: Faransé, ẹ̀rín, ẹlẹ́rìí tó gba ajá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ibi tí Màmá ti fa okùn náà lé mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rín náà tán níbẹ̀. Wọn kì í fa okùn lé ẹni tó ń lọ lọ́wọ́, ìyá mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Mo gbọ́ ewúrẹ́ mi tó ń ké lẹ́yìn wọn.

"Kò burú," wọ́n ní. "Ìwọ di okùn tiwọn mú dáadáa níbẹ̀. Èmi ṣì di tìrẹ mú níbí."